Pèrègún inú pálọ̀ mi ní Birmingham ń kú lọ: òùngbẹ ni àbí òtútù?

Òṣómàáló_Bham (oṣù Kìíní, ọjọ́ 11)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí.

Ní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, mo ra igi kan níbi tí wọ́n ti ń ta òdòdó. Orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ni Dracaena fragrans 'Massangeana'. Igi mẹ́ta ni wọ́n gbìn sínú ìkòkò kan ṣoṣo: ọ̀kan ga dé àyà mi, ọ̀kan dé ìbàdí, ìkẹta ò ju orúnkún lọ. Ewé wọn gùn bí ewé àgbàdo, ilà kan tó pọ́n bí ìyeyè sì gba àárín ewé kọ̀ọ̀kan kọjá. Mo gbé e délé, mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí màmá mi ní Iléṣà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ṣé pèrègún lo lọ fowó rà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wá àga jókòó.

Ó dáa, ẹ̀rín ti tán báyìí. Láti oṣù Kọkànlá ni ṣóńṣó ewé rẹ̀ ti ń gbẹ, tó ń dà bí etí ìwé tí iná rà. Mo ní òùngbẹ ni, mo bá ń bomi rin ín lọ́jọ́ méjì méjì. Ni ewé ìsàlẹ̀ bá ń pọ́n, ó ń já bọ́. Lánàá mo fọwọ́ kan igi tó kúrú jù, ìka mi wọnú rẹ̀ bí ẹni tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n jù. Ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀, irin tó ń mú ilé móoru, ni mo gbé e sí o, torí mo rò pé ọmọ ilẹ̀ olóoru kò gbọdọ̀ mọ òtútù.

Ní ilé wa, kò sẹ́ni tó ń bomi rin pèrègún rí. Ó kàn wà lẹ́yìnkùlé ni. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Àdùkẹ́Èkó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Pèrègún! Èyí tí a fi ń pààlà! Èló ni wọ́n tà á fún yín?

Òṣómàáló_Bham

Iye yẹn wà láàárín èmi àti Ẹlẹ́dàá mi.

AgbẹInúIlé

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Inú ilé gíláàsì tí wọ́n ti ń tọ́jú òdòdó títà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, igi yìí sì ti gba ọwọ́ mi kọjá dáadáa. Ìbéèrè méjì kí n tó sọ̀rọ̀. Ìkòkò tí wọ́n gbìn ín sí, ṣé ó nihò nídìí? Ṣé ẹ sì tún gbé ìkòkò yẹn sínú òmíràn tó rẹwà ju òun lọ? Ẹ gbé e sókè kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Kí ẹ fi imú yín síbẹ̀ pẹ̀lú.

Òṣómàáló_Bham

Yéè! Ìkòkò oníke yẹn nihò, ṣùgbọ́n ìkòkò funfun tí mo gbé e sí kò ní. Omi inú rẹ̀ jìn tó ìka méjì, ó dúdú, ó ń rùn bí omi fùfú ọjọ́ kẹrin. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyàwó mi ti ń fọ ilé ìdáná tó ń wá ohun tó ń rùn kiri!

AgbẹInúIlé

Ó ti yé wa nìyẹn. Òùngbẹ kọ́, ẹ ti rì í sómi ni.

Gbòǹgbò ń mí. Tí omi bá ti kún gbogbo àlàfo inú erùpẹ̀, tí atẹ́gùn ò rọ́nà wọlé, gbòǹgbò á kú, á sì jẹrà. Èyí tó ti jẹrà ò lè fa omi mọ́, ni ewé á bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ bíi ti igi tí òùngbẹ ń pa. Ẹni tó ni ín á rí ewé gbígbẹ, àánú á ṣe é, á tún lọ bu omi. Àánú yẹn ló ń pa á.

Ẹ má fi ẹ̀yìnkùlé Iléṣà wé pálọ̀ Birmingham. Nílé, òjò lè rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ilẹ̀ á mu ún, èyí tó kù á ṣàn lọ, oòrùn tí ń ràn fún nǹkan bíi wákàtí méjìlá á fà á gbẹ. Níbí, lóṣù Kejìlá, ojúmọ́ ò ju wákàtí mẹ́jọ lọ, ìkùukùu ló sì gba ìdajì rẹ̀. Igi tí kò rí ìmọ́lẹ̀ kì í mu omi púpọ̀. Nígbà òtútù, erùpẹ̀ inú ìkòkò yẹn lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó gbẹ. Nítorí náà ẹ yé fi ọjọ́ kà á. Ẹ ki ìka bọ erùpẹ̀ dé oríkèé kejì. Tó bá ṣì tutù, ẹ yí ẹ̀yìn padà, ẹ lọ jẹun yín.

Iṣẹ́ tòní rèé. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ẹ fa igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, ẹ gbọn erùpẹ̀ yẹn dànù. Gbòǹgbò tó yè máa ń le, àwọ̀ rẹ̀ máa ń sún mọ́ ti ọsàn tó pọ́n. Èyí tó kú á dúdú, bí ẹ bá fà á, èèpo rẹ̀ á bọ́ sí yín lọ́wọ́, á ku okùn tín-ínrín nínú. Ẹ gé gbogbo èyí tó kú. Ti igi kúkúrú yẹn, ìdí rẹ̀ ti lọ, ẹ má bá a jà. Ẹ mú ọ̀bẹ mímú, ẹ máa gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, títí ẹ ó fi dé ibi tí inú rẹ̀ funfun, tó le bí iṣu tútù. Bí ẹ bá rí àwọ̀ ilẹ̀ láàárín rẹ̀, kódà kó kéré bí orí abẹ́rẹ́, ẹ tún gé díẹ̀ sí i. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni ẹ ó tún gbìn.

Òṣómàáló_Bham

Ọ̀bẹ tí a fi ń gé búrẹ́dì ló ṣe é. Ìyàwó mi ò tíì gbọ́ o. Mo gé e ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí n tó rí funfun. Igi kúkúrú ọ̀hún ku bíi ìka mẹ́rin péré, pẹ̀lú ìṣù ewé kan lórí. Gbòǹgbò àwọn méjì tó kù jẹrà nídajì, ìdajì yẹn ni mo gé. Kí ni nǹkan funfun tó dà bí àbẹ́là lórí igi gíga yẹn? Ṣé àrùn ni?

AgbẹInúIlé

Ìda ni. Púpọ̀ nínú àwọn igi wọ̀nyí, Costa Rica ni wọ́n ti ń gé wọn wá, bí ọ̀pá lásán, láìsí ewé, láìsí gbòǹgbò. Wọ́n máa ń fi ìda dí ojú ibi tí wọ́n ti gé e kó má baà gbẹ lójú ọ̀nà. Òkè rẹ̀ nìyẹn. Ẹ sàmì sí òkè èyí tí ẹ gé náà, torí bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, ẹ ó dúró títí.

Erùpẹ̀ tuntun: èyí tí wọ́n ń tà nínú àpò fún òdòdó inú ilé, kí ẹ po èèpo igi wẹ́wẹ́ mọ́ ọn kí omi lè tètè sọ̀ kalẹ̀. Ìkòkò kò gbọdọ̀ tóbi. Ìkòkò ńlá ní erùpẹ̀ púpọ̀, erùpẹ̀ púpọ̀ ní omi púpọ̀, a sì tún ti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀, ẹ gbé e sún mọ́ fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn tí ẹ bá ní. Kó má ṣe wà níbi tó tutù ju 13°C lọ, kí atẹ́gùn ẹnu ọ̀nà má sì máa fẹ́ lù ú.

BàbáÀgbà_Peckham

Ọmọ mi, o kú làálàá. Ojúbọ Ògún bàbá tó bí bàbá mi ní Oǹdó, pèrègún ló yí i po, màrìwò sì wà níwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ pín ilẹ̀, pèrègún náà ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, torí kì í kú bọ̀rọ̀. Gé e lulẹ̀, á tún rú. Mo rí i tí wọ́n parí ẹjọ́ ilẹ̀ kan lójú mi nígbà tí mo wà ní kékeré: àwọn àgbà kàn tẹ̀ lé ìlà pèrègún lọ títí dé etí odò ni, ẹnu olùpẹ̀jọ́ sì wọhò. Àwọn babaláwo a máa fi orúkọ rẹ̀ wúre, pé kó pe ire gún wa. Igi tí kò kú lábẹ́ àdá ní ọgọ́ta ọdún, ìwọ fi omi pa á ní oṣù mẹ́rin!

Òṣómàáló_Bham

Bàbá, ẹ dárí jì mí 😂

Ọlọ́runTó

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ṣùgbọ́n a ti gbọ́ pé igi òrìṣà ni. Ṣé ó yẹ kó wà ní pálọ̀ onígbàgbọ́?

Àdùkẹ́Èkó

Méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìwàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹni tó ṣe ọ̀ṣọ́ ilé ní Dracaena ni, wọ́n sì sanwó rẹ̀ láìjanpata.

Akẹ́kọ̀ọ́Ewéko

Igi ni igi. Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, ló kọ́kọ́ fún un lórúkọ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko ní 1762, ó pè é ní Aletris fragrans. Ní 1808, onímọ̀ ewéko ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Ker Gawler, kó o wọ ìran Dracaena. "Fragrans" ń sọ̀rọ̀ òórùn dídùn òdòdó rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ ni ọjá ìkookò tó ń nà ṣánṣán bí idà. Sansevieria ni wọ́n ń pe ìran yẹn tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó kó òun náà mọ́ Dracaena láìpẹ́ yìí.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé àwa nìkan kọ́ ló mọ iyì rẹ̀. Àwọn Chagga tó wà lẹ́bàá òkè Kilimanjaro ní Tanzania ń pè é ní masale. Wọ́n ń fi pààlà bíi tiwa, ẹni tó bá sì ṣẹ ẹlòmíràn lè mú ewé rẹ̀ dání lọ bẹ̀ ẹ́. Ní Brazil, nínú àwọn ilé Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà tibẹ̀, orúkọ Yorùbá rẹ̀ ni wọ́n ṣì ń pè é, peregun.

Àdùkẹ́Èkó

Àmọ́ tiwa lẹ́yìn ilé ò ní ilà ìyeyè yẹn. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ látòkè délẹ̀. Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n lóòótọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́Ewéko

Ọ̀kan náà ni. Èyí tó ní ilà kàn yí àwọ̀ padà lára ni, àwọn olùtajà rí i pé ó wu ojú, wọ́n ń gé e gbìn láti ara ọ̀kan dé òmíràn. Bí ẹ bá gbé e síbi tó ṣókùnkùn jù, ilà náà á máa parẹ́ lára ewé tuntun. Ẹ fi ìyẹn ṣe àmì: bí ilà bá ń ṣá, ìmọ́lẹ̀ ò tó.

AgbẹInúIlé

Ó ku ọ̀rọ̀ ṣóńṣó ewé, mi ò sì fẹ́ ká fò ó, torí àpọ̀jù omi nìkan kọ́ ló fà á. Òṣómàáló, omi wo lẹ ń fún un?

Òṣómàáló_Bham

Omi ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n mo máa ń sè é kí ó tutù kí n tó bù ú fún un, kó lè mọ́.

AgbẹInúIlé

Háà. Birmingham ti ń fi fluoride, èròjà kan tí kì í jẹ́ kí eyín tètè jẹrà, sínú omi ẹ̀rọ láti 1964. Ìwọ̀n tí wọ́n ń fojú sí jẹ́ mílígíráàmù 1 nínú lítà 1. Ó dáa fún eyín yín, ṣùgbọ́n pèrègún wà lára àwọn ewéko tí ara wọn kọ̀ ọ́ jù. Igi á fa omi láti ìdí, omi á bá ojú ewé jáde lọ, fluoride ò ní lè bá a lọ. Ìpẹ̀kun ọ̀nà rẹ̀ ni ṣóńṣó ewé, ibẹ̀ ni á máa kó jọ sí, ibẹ̀ ni á sì ti jó ewé.

Sísè tí ẹ ń sè é tún dá kún un ni. Omi ló ń di ooru tó ń lọ, fluoride dúró sínú ìkòkò. Àwọn kan á ní kí ẹ bu omi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Chlorine lásán, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, ló lè bá ìyẹn lọ. Omi òjò ni kí ẹ máa lò. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síta, ìlú tí ẹ ń gbé kò ní fi òjò dù yín. Ẹ gbé omi náà wọlé kó má tutù jù kí ẹ tó lò ó. Nítorí èyí náà ni mi ò ṣe ní kí ẹ po perlite, òkúta funfun wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́ yẹn, mọ́ erùpẹ̀ níṣàájú, òun náà lè ní fluoride díẹ̀ nínú.

Ibi tó ti gbẹ kò ní tutù mọ́. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e, kí ẹ gé e ní ṣóńṣó bí ewé ṣe rí, kí ẹ fi fẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ lára ibi gbígbẹ. Bí ẹ bá gé wọnú ibi tútù, ojú ọgbẹ́ tuntun náà á tún gbẹ.

BàbáÀgbà_Peckham

Tiwa ní London níbí, ẹfun ló wà nínú omi. Kẹ́tù tí mo fi ń se omi funfun nínú bí ojú tí wọ́n fi ẹfun kùn. Ṣé ìyẹn ò ní dà á láàmú?

AgbẹInúIlé

Bàbá, ó lè ṣe àbàwọ́n funfun lójú erùpẹ̀, ẹ máa ha á kúrò. Òjò náà ló dáa fún un, bí ẹ bá rí i.

ÌyáÌbejì_Houston

Ẹ káàsán o. Mo ní ọ̀kan tó ti pé ọdún mẹ́sàn-án, orí rẹ̀ ti kan àjà, mo ti gé e lẹ́ẹ̀mejì. Méjì ni mo ní tẹ́lẹ̀. Ìkejì wà ní bàráńdà nígbà tí yìnyín ńlá yẹn bo Texas ní oṣù Kejì 2021. Iná lọ, omi lọ, àwa èèyàn gan-an ń wá bí a ṣe máa yè, kò sẹ́ni tó rántí pèrègún. Nígbà tó rọlẹ̀, ewé rẹ̀ dà bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀.

Èyí tó wà nínú ilé wá tanná lọ́dún kejì. Mi ò mọ̀ pé ó ń tanná! Ọ̀pá kan yọ láti àárín ewé, òdòdó funfun wẹ́wẹ́ ṣù mọ́ ọn lára. Lọ́sàn-án, ẹ ò ní gbọ́ òórùn kankan. Nígbà tó di bí aago mẹ́jọ alẹ́, òórùn gba gbogbo ilé, mo ń bi ọkọ mi pé ta ló fọ́ ìgò lọ́fínńdà. Oje rẹ̀ ń kán sílẹ̀ bí oyin, ó lẹ̀ mọ́ táìsì, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ gbé e káàkiri. Ó dùn mọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́ta, ní ọjọ́ kẹrin mo gé e sọnù. Orí ń fọ́ mi.

Ẹ máa wo kọ̀rọ̀ ìdí ewé o. Kòkòrò kan wà tó funfun bí òwú, á há síbẹ̀. Òwú tí mo rẹ sínú sípírítì ni mo fi ń nù wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀ ṣá. NASA, àjọ òfúrufú Amẹ́ríkà, ní ó ń fọ atẹ́gùn ilé mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́Ewéko

Mọ̀mí, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Lóòótọ́ ni NASA gbé àyẹ̀wò yẹn jáde ní 1989, igi yìí sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú àpótí kékeré tí wọ́n dé pinpin ni wọ́n ti dán an wò. Ní 2019, àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Drexel ní Amẹ́ríkà kó irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n ṣírò ohun tó máa gbà nínú ilé gidi: igi 10 sí 1,000 lórí mítà kan níbùú lóròó, kó tó lè ṣe iṣẹ́ tí atẹ́gùn tó ń gba ilé kọjá ń ṣe fúnra rẹ̀.

ÌyáÌbejì_Houston

Ẹgbẹ̀rún pèrègún! Ibo ni àwa fúnra wa á wá sùn? Ó dáa, màá máa ṣí fèrèsé.

Àdùkẹ́Èkó

Ẹ ti kó sí mi lórí. Mo ti gé ọ̀kan lẹ́yìn ilé, mo rì í sínú ìkòkò, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, ewé rẹ̀ ń ká jọ. Kò sí òtútù ní Èkó, kí ló dé?

AgbẹInúIlé

Ibo ni A/C wà?

Àdùkẹ́Èkó

Orí ẹ̀ gan-an ni. Ó ti yé mi.

Òṣómàáló_Bham

Mo ń rò ó pé bí mo bá lọ sílé ní Ọdún Àjíǹde, màá kàn gé ọ̀pá mẹ́ta lẹ́yìnkùlé, màá kì í sínú báàgì. Ọ̀fẹ́ ni.

AgbẹInúIlé

Ẹ má dán an wò. Ewéko tí ẹ fẹ́ gbìn gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí àwọn aláyẹ̀wò ewéko láti Nàìjíríà kó tó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá bá a nínú báàgì yín láìsí ìwé, wọ́n á gbà á, wọ́n á bà á jẹ́, ẹ̀yin náà á sì ṣàlàyé títí.

Òṣómàáló_Bham (oṣù Kẹta, ọjọ́ 22)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Mo ní ìròyìn.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni mo ti bomi rin ín, omi òjò sì ni. Igi tó ga jù já ewé mẹ́fà sí i ní oṣù Kejì, mo ti fẹ́ gbé e sọnù. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo ń nu ewé rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù, mo bá rí nǹkan tó wú lára igi, lábẹ́ ìda yẹn, ó tó èékánná ọmọdé, ó pupa díẹ̀ lórí. Mo rò pé kòkòrò ni. Nígbà tó fi máa di Wẹ́sídeè, ó ti là, ewé kékeré méjì ti yọjú.

Ti èyí tó ku ìka mẹ́rin ńkọ́? Inú ife omi ni mo fi sí, mo ń pààrọ̀ omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ti ta gbòǹgbò mẹ́ta, funfun, wọ́n nípọn bí okùn bàtà. Mo fi han màmá mi lórí fóònù. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Èyí tó wà lẹ́yìnkùlé ń kí ọ o, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e lánàá."

Ìbéèrè kan ló kù. Aládùúgbò mi fẹ́ kí n fún òun ní èyí tó wà nínú ife yẹn. Ó ní ológbò méjì nílé. Ṣé kò séwu?

AgbẹInúIlé

Ewu wà. Oró kan tí wọ́n ń pè ní saponin wà nínú ewé rẹ̀, ológbò tó bá jẹ ẹ́ á máa da itọ́, á bì, kò sì ní lè jẹun. Ajá náà bẹ́ẹ̀. Àfi tó bá ní ibi tí ológbò ò lè gùn dé.

Òṣómàáló_Bham

Orí fíríìjì ni àwọn ológbò yẹn ń sùn. Màá jẹ́ kó mọ̀. Bó bá ṣì fẹ́ ẹ lẹ́yìn ìyẹn, ó kù sọ́wọ́ rẹ̀.

Àdùkẹ́Èkó

Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ máa tà á fún un?